Kí ló kó kòkó, obì, ilá, ewédú, òwú àti oṣè sínú ẹbí kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Nínú ìwé àtijọ́ tí mo fi ń kọ́ nípa ewéko, kòkó àti obì wà nínú Sterculiaceae, oṣè àti àràbà wà nínú Bombacaceae, ewédú wà nínú Tiliaceae, ilá àti òwú sì wà nínú Malvaceae. Nínú àkójọ tuntun, gbogbo wọn ti di Malvaceae. Ṣé ohun tí ojú rí lára òdòdó ti di asán ni, àbí DNA nìkan ni wọ́n ń tẹ̀lé báyìí? Mo ní ẹ̀ka gbígbẹ 40 láti ara irú àwọn ewéko yìí tí mo fẹ́ tò fúnra mi. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ohun tí ojú rí kò di asán rárá. Kódà, ojú ló kọ́kọ́ fura. Ní 1997, Judd àti Manchester kó àbùdá ara ewéko jọ, láti orí òdòdó, igi àti ìyẹ̀fun akọ dé orí èròjà inú wọn. Wọn kò fi DNA kún un, síbẹ̀ wọ́n rí i pé ààlà tó wà láàárín ẹbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dúró. Ní 1998, àkójọ APG, ti ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń to ewéko olódòdó, kó wọn pọ̀ sábẹ́ Malvaceae. Ní 1999, iṣẹ́ méjì jáde lórí jíìnì inú chloroplast, ìyẹn ibi tí ewé ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ rẹ̀: Alverson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ndhF, Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tirẹ̀ lo atpB àti rbcL. Èsì iṣẹ́ méjèèjì bára mu. Ẹbí ńlá kan ni, tó ní ojúlé mẹ́sàn-án nínú, ẹ̀yà tó lé ní 4,000 ló sì wà níbẹ̀.

Bí mo bá sọ pé "ojúlé", ìpín tó wà lábẹ́ ẹbí ni mò ń wí. "Ìran" ni àwọn ẹ̀yà tó ń jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ kan náà, bíi Cola tàbí Gossypium.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹbí mẹ́rin ṣe wáyé ná. Ọ̀pá akọ, ìyẹn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ inú òdòdó tó gbé àpò ìyẹ̀fun sórí, ni àwọn àgbà fi pín wọn. Bí àwọn ọ̀pá náà bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí orí kọ̀ọ̀kan ní yàrá méjì, bíi ti ewédú, Tiliaceae ni. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra tí yàrá ṣì jẹ́ méjì, Sterculiaceae ni. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra tí yàrá jẹ́ ẹyọ kan, ìyẹ̀fun ni a ó wò: èyí tó ní ẹ̀gún, bíi ti ilá àti òwú, lọ sí Malvaceae, èyí tí kò ní, tó sì wá láti ara igi ńlá, lọ sí Bombacaceae.

Ètò yìí rọrùn láti fi kọ́ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹbí méjì nínú mẹ́rin dúró lórí ohun tí wọn kò ní. Yàrá méjì lórí ọ̀pá akọ kì í ṣe àmì ẹbí kankan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko olódòdó rí. Bí ọmọ méjì bá ní ìka márùn-ún márùn-ún, a ò lè tìtorí ìyẹn pè wọ́n ní ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá ní ìka mẹ́fà, a óò bèèrè ilé tí wọ́n ti wá. Ìka mẹ́fà ni à ń wá nínú iṣẹ́ yìí: àbùdá tó yọ lára baba ńlá kan, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún.

Yàrá ẹyọ kan lórí ọ̀pá akọ jẹ́ irú ìka mẹ́fà bẹ́ẹ̀. DNA gbà pé òwú, ilá, oṣè àti àràbà jẹ́ ẹ̀ka kan lóòótọ́, ojúlé Malvoideae àti Bombacoideae lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi yìí àwọn àgbà ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n ìtóbi igi àti líle èso tàn wọ́n jẹ. Igi durian ti Éṣíà wà nínú Bombacaceae tẹ́lẹ̀ nítorí pé igi ńlá ni, tí èso rẹ̀ sì tóbi tó sì le. DNA gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣè lọ sí ojúlé Helicteroideae.

Èsì tó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ti kòkó àti obì, tí wọ́n jọ ń jẹ́ Sterculiaceae fún ìgbà pípẹ́. Kòkó bọ́ sí Byttnerioideae, ewédú bọ́ sí Grewioideae, ojúlé méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Obì wà ní Sterculioideae, lápá kejì igi ìlà ìdílé, níbi tí òwú àti oṣè wà. Ìyẹn ni pé kòkó sún mọ́ ewédú ju obì lọ, obì náà sì sún mọ́ òwú ju kòkó lọ. Ẹ padà lọ wo òdòdó wọn pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Òdòdó kòkó ní ewé-òdòdó márùn-ún tí ìsàlẹ̀ wọn tẹ̀ bí fìlà, ọ̀pá akọ márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ àti márùn-ún tó yàgàn. Obì kò ní ewé-òdòdó rárá. Ìbòrí òdòdó, ìyẹn ewé òde tó bo èéhù, ni ohun tó dà bí ewé-òdòdó lára rẹ̀, àpò ìyẹ̀fun rẹ̀ sì kóra jọ ní òrùka. Bí òdòdó obì bá di èso, apá kọ̀ọ̀kan á dá dúró bí ìka tó nà síta, nígbà tí ti kòkó jẹ́ odindi kan. Ìyàtọ̀ yìí ti wà níbẹ̀ tipẹ́. A kàn ń fi ojú fò ó ni, nítorí ọ̀pá akọ ni ìwé ní kí a kà.

Kí ló wá so gbogbo ẹbí náà pọ̀ lójú? Ẹ fi felefélé gé èéhù òdòdó tí kò tíì là ní ìbú: etí àwọn ewé ìbòrí á kan ara wọn láìgun orí ara wọn. Ẹ bó èèpo ara ẹ̀ka tútù: á já ní fọ́nrán gígùn tó lágbára. Fọ́nrán yìí ni wọ́n ń pè ní jute lára ewédú, òun náà sì ni okùn tó ń jáde lára èèpo oṣè. Ẹ wo ẹ̀yìn ewé ọ̀dọ́ fún irun tó ya yíká bí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí àìrí i lé ewéko kan kúrò, torí ewé ewédú fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní irun. Yíyọ̀ wà lára ewé, èèpo tàbí èso. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìsàlẹ̀ ìbòrí òdòdó lápá inú ní irun kéékèèké tó fún pọ̀ bí ẹní, ibẹ̀ sì ni omi dídùn tí kòkòrò ń wá ti ń jáde. Ewéko tó ń pèsè omi dídùn lọ́nà yìí kò wọ́pọ̀, nítorí náà àmì tó lágbára ni lójú tèmi. Òróró inú kóró wọn náà jẹ́rìí: sterculic acid gba orúkọ láti ara Sterculia, malvalic acid láti ara Malva, síbẹ̀ a ń rí méjèèjì káàkiri àwọn ẹbí tí wọ́n ní kò tan mọ́ra wọn.

Ohun kan wà tí DNA kò lè pinnu fún wa. Ó lè fi hàn pé ẹ̀ka kan ní baba kan, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá "ẹbí" ni kí a pe ẹ̀ka náà tàbí "ojúlé". Àwọn onímọ̀ kan fẹ́ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan di ẹbí fúnra rẹ̀, ìyẹn náà kò sì lòdì sí DNA. Ohun tó lòdì sí i ni Tiliaceae àti Sterculiaceae ti àtijọ́, nítorí ẹ̀ka tó wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó jọ. Ẹbí ńlá kan ni èmi fara mọ́, torí pé àmì tó so odindi pọ̀ rọrùn láti rí nínú oko ju èyí tó ya ojúlé sọ́tọ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀ka 40 yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò: mélòó ló ní òdòdó, mélòó ló ní èso? Ewé nìkan yóò dà yín láàmú. Oṣè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù máa ń yọ ewé ẹlẹ́yọ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tó ya sí márùn-ún tàbí méje. Lórí igi ilá kan ṣoṣo, ẹ lè rí ewé tí kò ya púpọ̀ àti èyí tó ya jinlẹ̀. Ẹ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà kan náà wà lára pépà ẹ̀ka, lára àpòòwé ewé, lára ike DNA àti nínú fáìlì kọ̀ǹpútà. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bí igi ìlà ìdílé bá gbé obì sáàárín ilá, ohun àkọ́kọ́ tí a ó fura sí ni pé ike méjì ti pààrọ̀ ara wọn, ẹ̀ka gbígbẹ tó ní nọ́ńbà lára nìkan ló sì lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya tábìlì, ẹ̀ka ní ìlà, àbùdá ní òpó. Àbùdá 30 sí 50 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àìsí nǹkan. Bí òpó kan bá ń bèèrè àwọ̀ ewé-òdòdó, ẹ má kọ 0 fún obì. Àmì "-" ni kí ẹ kọ, nítorí ìbéèrè náà kò kàn án. Bí òdòdó bá ti já bọ́ lára ẹ̀ka, ẹ kọ "?". Bí ẹ bá kọ 0, kọ̀ǹpútà á kà á sí àbùdá gidi, á sì so gbogbo ẹ̀ka tí òdòdó wọn bọ́ pọ̀ bí ọmọ ìyá. Àṣìṣe mìíràn ni kíka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta: "igi ni", "ó ga", "ìtì rẹ̀ le" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, bí ẹ bá sì fún un ní òpó mẹ́ta, durian á tún padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣè. Fún gígùn ewé, ẹ wọn ewé 10 ó kéré tán láti ara igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí àlàfo láàárín àwọn iye náà, ẹ má fi tipátipá pín in sí "gígùn" àti "kúkúrú".

Ti DNA ló gba sùúrù jù, nítorí yíyọ̀ tó ń fi ẹbí yìí hàn ni ọ̀tá wa nínú yàrá ìwádìí. Bí ẹ bá ṣì lè dé ibi tí àwọn igi náà wà, ẹ já ewé ọ̀dọ́, ẹ fà á ya wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi sínú silica gel (èròjà tó ń fa omi) tó wúwo tó ewé náà ní ìlọ́po 10. Ó yẹ kí ó gbẹ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, DNA á máa já sí wẹ́wẹ́. Ewé ọ̀dọ́ ló dára jù torí pé èyí tó ti gbó ní èròjà yíyọ̀ àti èròjà aláwọ̀ pípọ́n púpọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Bí ẹ̀ka gbígbẹ àtijọ́ nìkan ló wà, DNA inú rẹ̀ ti já sí kéékèèké, nítorí náà abala kúkúrú, bíi lẹ́tà DNA 200 sí 400, ni kí ẹ máa wá. Ẹ má retí odindi matK, jíìnì chloroplast kan tó tó lẹ́tà 1,500.

Láti yọ DNA jáde, ọ̀nà CTAB (èròjà bí ọṣẹ) tí Doyle àti Doyle tẹ̀ jáde ní 1987 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Èròjà rẹ̀ ni CTAB 2%, NaCl 1.4 M, EDTA 20 mM, Tris 100 mM ní pH 8, àti mercaptoethanol 0.2%. Fún ẹbí yìí, ẹ fi PVP 2% kún un kí ó lè mú èròjà tó ń sọ omi ewé di pípọ́n, kí ẹ sì gbé NaCl dé bíi 2 M kí èròjà yíyọ̀ lè wà nínú omi dípò kí ó rì pọ̀ mọ́ DNA. Mílígíráàmù 20 ewé gbígbẹ ti tó. Ẹni tó bá fi 100 sí i nítorí kí DNA lè pọ̀ yóò rí omi tó ń fà bí okùn, tí kò ṣeé fà sókè nínú pípẹ́ẹ̀tì. Kí CTAB tó kan ewé lílọ̀ náà, ẹ fi omi sorbitol tútù fọ̀ ọ́, ẹ yí i nínú ẹ̀rọ centrifuge, ẹ da omi òkè nù, kí ẹ sì tún un ṣe títí omi náà kò fi ní fà mọ́. Ìfọ̀ yìí gan-an ló ń gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ là. Ẹ wá fi CTAB sí i ní 65°C fún ìṣẹ́jú 45 sí 60, ẹ da chloroform pẹ̀lú isoamyl alcohol (24:1) tó pọ̀ tó omi inú ike náà sí i, ẹ yí i, kí ẹ sì fa omi òkè nìkan. Ó sàn kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ ju kí ẹ fọwọ́ kan awọ funfun àárín. Chloroform àti mercaptoethanol jẹ́ májèlé. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn jáde ni kí ẹ ti lò wọ́n. Isopropanol tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta omi náà á mú kí DNA rì. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú òtútù mọ́jú, torí bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni èròjà yíyọ̀ náà ń rì. Ẹ fi ethanol 70% fọ̀ ọ́, kí ẹ sì pò ó sínú omi TE díẹ̀.

Bí PCR, ìyẹn iṣẹ́ tó ń sọ abala DNA kan di ẹ̀dà púpọ̀, kò bá jáde, ohun tó sábà máa ń wá síni lọ́kàn ni láti fi DNA kún un. Nínú ẹbí yìí, òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe: ẹ là á ní 1:10, kódà 1:50, nítorí èròjà yíyọ̀ ló ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, bí ó bá sì ti dínkù, DNA tó kù á tó. BSA (irú purotéènì kan) díẹ̀ nínú àpòpọ̀ PCR náà máa ń ṣèrànwọ́.

Abala wo ni kí ẹ kà? rbcL àti matK ni wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2009 fún dídá ewéko ilẹ̀ mọ̀ káàkiri ayé. rbcL kì í tètè yí padà, nítorí náà ó dára fún ìpín láàárín ojúlé, ṣùgbọ́n kò lè ya àwọn ẹ̀yà Cola sọ́tọ̀ dáadáa. Fún ìyẹn, ẹ fi ITS kún un, abala DNA láti inú nucleus (àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì) tó máa ń tó lẹ́tà 600 sí 700. Ẹ ka abala kọ̀ọ̀kan láti orí méjèèjì. Ẹ sọ rbcL àti matK di ìtò amino acid: bí àmì ìdúró bá yọ ní àárín, àṣìṣe wà nínú kíkà, tàbí kì í ṣe jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ kà. Ẹ fi ITS wé ohun tó wà ní GenBank, àkójọ ìtò DNA orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí olú wẹ́wẹ́ tó ń gbé lára ewé máa ń wọlé sínú PCR yìí, ẹ ó sì fi ìtò olú gbé igi kalẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ fi MAFFT, ètò kọ̀ǹpútà kan, to àwọn ìtò náà pọ̀, kí ẹ sì fi ojú wo ìtòpọ̀ náà fúnra yín. Ẹ fi ewéko méjì tàbí mẹ́ta tí kì í ṣe ti ẹbí yìí ṣe àlejò, bíi Bixa àti Cistus, kí igi lè mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ẹ gbé igi kalẹ̀ fún abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú ètò IQ-TREE tàbí RAxML, kí bootstrap, ìyẹn títún igi náà gbé léraléra láti wo iye ìgbà nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀ka kan tún yọ, jẹ́ ìgbà 1,000. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Bí igi méjì bá ta ko ara wọn níbi tí bootstrap ti wà lábẹ́ 70, kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ̀rí ni kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé 95 ń ta ko 95, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ìtàn wà ńbẹ̀.

Òwú ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Gossypium arboreum ní chromosome (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé DNA) 26, Gossypium hirsutum ní 52, nítorí pé ìdàpọ̀ ẹ̀yà òwú méjì ni èyí kejì, ọ̀kan láti ìhà Áfíríkà àti Éṣíà, èkejì láti Amẹ́ríkà. Chloroplast rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, nítorí náà igi chloroplast á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú Áfíríkà òun Éṣíà, kò sì ní sọ nǹkan kan nípa bàbá. ITS náà kò ṣeé gbára lé níbẹ̀: ẹ̀dà méjèèjì ti fa ara wọn títí wọ́n fi di irú kan, ti òbí kan nínú ọ̀pọ̀ àwọn òwú wọ̀nyí, ti òbí kejì nínú ọ̀kan. Bí ẹ bá rí góńgó méjì níbi kan náà lórí ìwé kíkà ITS, ẹ má yan èyí tó ga. Ẹ̀dà méjì lè wà, ó sì yẹ kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó kà wọ́n. Níbi tí abala mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò bá ti lè parí ọ̀rọ̀, pàápàá bí ojúlé kan ṣe tan mọ́ èkejì lápá tí obì àti òwú wà, Angiosperms353, ohun èlò tó jáde ní 2019, ń mú jíìnì 353 láti inú nucleus lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka gbígbẹ àtijọ́ pẹ̀lú, nítorí DNA wẹ́wẹ́ kò dí i lọ́wọ́.

Bí igi ìlà ìdílé bá ti dúró, ẹ padà sórí tábìlì àbùdá yín. Ẹ gbé òpó kọ̀ọ̀kan lé orí igi náà, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí àbùdá náà yí padà. Èyí tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó fi kọ àpèjúwe ẹ̀ka. Èyí tó yí lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ lè fi sínú ìwé ìdánimọ̀ fún lílò nínú oko, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹbí lé e lórí. Bí àbùdá kan bá fọ́n káàkiri igi náà, ẹ tún un wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, torí ó ṣeé ṣe kí ohun méjì tí orísun wọn yàtọ̀ ti gba orúkọ kan náà nínú tábìlì yín.

Lórí pépà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ Malvaceae, kí ẹ sì kọ ojúlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Byttnerioideae fún kòkó, Sterculioideae fún obì, Grewioideae fún ewédú, Bombacoideae fún oṣè àti àràbà, Malvoideae fún ilá àti òwú. Ẹ má pa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Pépà kékeré tuntun, tó ní orúkọ, ọjọ́ àti ohun tí ẹ fi dá a mọ̀, ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá wá ẹ̀ka náà lábẹ́ Sterculiaceae ṣì lè rí i.